Àpótí Tí Múrítàlá Kàn fún Ọ̀pá Ìwọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ dárúkọ àpótí níwájú mi. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi, ẹ dárúkọ àpótí kan náà. Múrítàlá ló kàn án, ọkọ àbúrò mi Leah. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kò ní ibi nínú rárá. Ọpọlọ rẹ̀ ló kàn máa ń gba ọ̀nà tó wù ú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe ní Ṣómólú. Ó ga, ó gbẹ, tàdáwà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀ lọ. Ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé kì í fi nǹkan ṣòfò. Bó bá gé bébà, á gé e bá ohun tó fẹ́ wà lórí rẹ̀ mu rẹ́gí, kò ní ṣẹ́ ohun tí èèyàn lè fi wé ẹ̀pà kù. Bó ṣe ń gé bébà náà ló ń gé iṣu. Mo ti jẹun nílé rẹ̀ rí, gbogbo ẹran inú ọbẹ̀ ló dọ́gba, àfi bíi pé wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Àwa ní tiwa, Ìlàjẹ ni wá, ará odò. Etí ọ̀sà ní Bàríga ni wọ́n bí èmi àti Leah sí, nínú ilé onípákó tí omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Apẹja ni bàbá wa, Japhet Adégbénró. Èmi Hadassah, ẹja ni mò ń yan tà. Nígbà tí Leah ní Múrítàlá lòun máa fẹ́, Bàbá ní àwọn ò lè fi ọmọ fún ọkùnrin tí kò mọ odò wẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ò tilẹ̀ jáde lẹ́nu wọn, omi ni wọ́n ń sọ. Olóríkunkun bí olóríkunkun ni, Leah di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Bàbá wá dúró lójú gbogbo ilé, wọ́n ní, “Mi ò bí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Leah.” Láti ọjọ́ náà, orúkọ yẹn ò jáde lẹ́nu wọn mọ́, ọdún kẹta sì ti fẹ́ pé.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Ìyá wa ti kú, èmi nìkan ni mo wà láàárín. Mò ń gbé ẹja lọ sí Ṣómólú, mò ń gbé ìkíni Leah bọ̀ wálé, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á lọ́wọ́ mi. Múrítàlá fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ rí. Bàbá kọjú sí ọ̀sà, wọn ò wẹ̀yìn títí ó fi dìde lọ.

Lẹ́yìn náà ni okùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fa ejìká Bàbá yẹ̀. Ó jinná lójú, kò jinná nínú. Wọn ò lè ju àwọ̀n mọ́. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n máa ń jókòó sórí pákó ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n á máa wo ọkọ̀ ẹlòmíì bó ṣe ń lọ. Òyìnbó kan máa ń wá sí tòsí ibẹ̀ nígbà náà, tó ń fi ọ̀pá gígùn tó ní kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn pẹja. Bàbá á wò ó, wọ́n á ní, “Ọwọ́ kan tó èyí ṣe.” Mo sọ ọ́ fún Leah. Leah sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni. Ìwé ìpolongo ìbò kún Ṣómólú débi pé àwòrán olóṣèlú ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn láti inú gọ́tà. Iṣẹ́ ń wọlé, Múrítàlá sì ra ọ̀pá ìwọ̀ kan ní Onípáànù, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó na ọ̀pá náà sókè bí ẹni tó ń gbé àsíá. Ọ̀kadà yà, orí ọ̀pá kọ́ ara tírélà, ó dá pẹ́ẹ́. Orí tíńrín yẹn gan-an sì ni ẹ̀mí ọ̀pá ìwọ̀ wà. Leah sọ fún mi pé kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó tún rí mẹ́ta rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń kó ẹrù padà sílùú rẹ̀, ó búra pé wọn ò ní fojú kan títì láìsí nínú àpótí.

Kò gbé iṣẹ́ náà fún káfíńtà, ó ní òun á kàn án fúnra òun. Ó kó àwọn pákó tí wọ́n máa ń to bébà lé nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tú ìṣó ara wọn, ó fi sáńpépà ha wọ́n títí wọ́n fi dán. Ó to àwọn ọ̀pá náà sílẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà yí wọn ká. Ọ̀pá náà kò ṣeé tú sí méjì, gígùn wọn sì ju èèyàn lọ díẹ̀. Ní ìdí, níbi tí kẹ̀kẹ́ okùn wà, wọ́n fẹ̀. Ní orí, wọ́n tín-ín-rín. Ta ni yóò fi pákó ṣòfò níbi tó tín-ín-rín? Múrítàlá kọ́? Ó gé àpótí náà fẹ̀ níbi ìdí, ó sì mú un lọ tẹ́ẹ́rẹ́ níbi orí. Ó tún fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìjókòó kan tó ṣeé ká pọ̀, kí àna rẹ̀ má bàa máa dúró pẹja. Ó tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, ó fi abẹ gbẹ́ ojú ihò fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan má bàa fara kan èkejì, ó fi aṣọ funfun bo fóòmù náà kó lè mọ́ lójú. Ó gé rọ́bà inú táyà, ó fi ń de ọ̀pá mọ́lẹ̀. Mo ti fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ gidi ni, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn.

Ó kù ọwọ́ tí wọ́n á fi máa gbé e. Ó padà sí Onípáànù, sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ìṣó àti kọ́kọ́rọ́, ó sì mú àwọn tó dára jù, aláwọ̀ góòlù, mẹ́fà. Ọlọ́jà wò ó, ó bi í léèrè ta ló fẹ́ lò ó fún. Ó ní, “Bàbá ìyàwó mi ni.” Ọlọ́jà ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́run á tu ilé nínú.” Kò jẹ́ kó nájà rárá, ó dín owó fún un fúnra rẹ̀. Múrítàlá ṣàmín, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé àwọn ọlọ́jà Onípáànù lójú àánú.

Kó tó kan ọwọ́ náà mọ́ ọn ni ìrọbí mú Leah. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ọ̀rọ̀ sì le. Wọ́n lé Múrítàlá jáde níbẹ̀ pé kó máa lọ, kó padà wá. Kí ni kó fi ọwọ́ ṣe? Ó lọ sílé, ó kan ọwọ́ góòlù mọ́ àpótí, ó fi fáánìṣì kùn ún.

Ìròyìn pé ọ̀rọ̀ le dé ọ̀dọ̀ wa ní Bàríga nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ojú ọ̀nà ò dáa lálẹ́ nígbà yẹn, olè ń dá èèyàn lọ́nà, kò sẹ́ni tó lè jáde. Mo sọ fún Bàbá. Wọn ò jẹ ẹ̀bà tí mo gbé síwájú wọn. Èmi ń gbàdúrà, mo sì ń bínú sí wọn pọ̀ mọ́ àdúrà náà.

Àárọ̀ kùtù ni Leah bí obìnrin, ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Ká ní èmi ni Múrítàlá, mo máa sáré wá kígbe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ti kìlọ̀ fún un pé nínú ilé àna, etí bàbá ìyàwó ni ìròyìn ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀, pé bó bá kọ́kọ́ gba ẹnu ẹlòmíì jáde, àbùkù ni. Kò sì fẹ́ wá lọ́wọ́ òfo síwájú ẹni tó ti kẹ̀yìn sí i rí. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tó fi ń lọ kírun ní Jímọ̀, ó gbé àpótí sórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti bébà. Fáánìṣì ò tíì gbẹ tán, òjò sì ń ta féréfé. Ó bá fi aṣọ funfun bò ó.

Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tí kò sùn, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó fi funfun wọra, tó ń ti nǹkan yẹn gba Ladi-Lak ní Bàríga kọjá, tí kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ṣí fìlà. Obìnrin kan pa rédíò ìyá oníbúrẹ́dì. Àwọn ọlọ́kadà dúró kó kọjá, àwọn ọlọ́kadà tí kì í dúró fún áńbúláǹsì. Wọ́n ń sọ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” òun náà ń tẹ orí ba. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé wọ́n rí i lójú òun pé òun ti di bàbá.

Nígbà tó dé orí afárá onípákó tó wọ àdúgbò wa, kẹ̀kẹ́ ò lè kọjá. Àwọn géńdé mẹ́rin sáré wá, wọ́n gbé e láìdúró kó bẹ̀ wọ́n. Múrítàlá ń tẹ̀ lé wọn, ó ní, “Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kí orí rẹ̀ gbá nǹkan.” Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ó mà fúyẹ́ o.” Sabina tó ń ta kẹrosíìnì dá a lóhùn pé ìrora ló ti fà á gbẹ.

Ibi tí mo ti ń wé gèlè láti máa lọ sí ọsibítù ni mo ti gbọ́ ẹkún. Mo yọjú, mo rí pósí lórí géńdé mẹ́rin, mo rí ọkọ Leah lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́.

Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú Bàbá, wọ́n ká aṣọ funfun kúrò lórí rẹ̀. Múrítàlá sì na gbalaja, ó dojú bolẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ tí ariwo ò jẹ́ ká gbọ́. Bàbá dìde. Wọ́n wo àpótí náà, wọ́n wo ọwọ́ góòlù lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣubú lé e lórí, wọ́n fi apá tó ń dùn wọ́n gbá a mọ́ra, fáánìṣì sì ń lẹ̀ mọ́ wọn láyà.

“Leah,” ni wọ́n ń pè. “Leah, ọma mi. Bí mi ò bá bí ọ, ta ló bí ọ? Ẹnu mi yìí náà ló sẹ́ ọ. Leah, dìde, jẹ́ kí n rí ọ.”

Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí, kódà nígbà tí ìyá wa kú. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ láti gbọ́ ọ, ibi tí wọ́n dákẹ́ sí yìí ni Múrítàlá ti gbé orí sókè.

“Bàbá,” ló wí, “Leah wà ní ọsibítù. Ó bí obìnrin láàárọ̀ yìí. Ẹ̀kọ ló ń mu nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ẹnu. Mo ní, “Kí ló wá wà nínú eléyìí?”

“Ọ̀pá ìwọ̀ ni, Àǹtí. Kó má bàa tún dá.”

Ó ṣí ìkọ́ tó di ọmọrí mú, ó gbé ọmọrí sókè. Ọ̀pá mẹ́ta sùn sórí aṣọ funfun pẹ̀lú ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, orí wọn pé, kò sí èyí tó dá. Mo bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ mi, mo fi na Múrítàlá lẹ́yìn títí apá fi ro mí. Mò ń nà án, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù ẹja kalẹ̀ lórí èèyàn. Àwọn géńdé mẹ́rin jókòó sórí pákó, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Sabina ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó fúyẹ́ jù.

Mo bi Múrítàlá bóyá kò rí pósí rí láyé ẹ̀ ni. Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n òun ò wò ó. Nínú ẹbí wọn, aṣọ funfun àti ilẹ̀ ni òkú ń bá lọ, kò sẹ́ni tó wọ àpótí rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ohun tó bá ọ̀pá mu lòun gé.

Bàbá ò wo ọ̀pá kankan. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní, “Ọsibítù wo?” Wọn ò pààrọ̀ aṣọ, wọn ò jẹ́ kí n mú bàtà wọn. Èmi àti Múrítàlá ń sáré tẹ̀ lé wọn lórí afárá, àgbàlagbà tó jẹ́ pé ìjókòó ni iṣẹ́ ẹ̀ látọjọ́ yìí.

Nọ́ọ̀sì ní kò tíì tó àkókò àbẹ̀wò. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Leah wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn, ọmọ wà láyà rẹ̀. Ó rí wọn lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, fáánìṣì láyà, ojú wú. Ẹ̀rù bà á, ó ní, “Bàbá, ta ló kú?”

“Ìwọ ni,” ni Bàbá wí. “Mo sunkún rẹ láàárọ̀ yìí, gbogbo Bàríga ló gbọ́. Mo ti rí bó ṣe máa rí bí mo bá pàdánù rẹ, Leah. Mi ò lè gbé e.”

Leah wò wọ́n títí, lẹ́yìn náà ló sún díẹ̀, ó fún wọn láyè lórí bẹ́ẹ̀dì.