Ọkọ̀ Bàbá Àgbà àti Omi Inú Táńkì

Ìgbà tí mo ṣì kéré, ọkọ̀ ojú omi kan wà lẹ́yìn ilé wa tí adìẹ ń yé sí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọkọ̀ kékeré àwọn apẹja tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wa. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì ni, ó sì gba èèyàn mẹ́wàá pẹ̀lú ẹrù wọn. Àwọn òyìnbó tó wá dí odò wa, kó lè di omi ẹ̀rọ fún àwọn ará Òṣogbo, ni wọ́n ń lò ó. Nígbà tí iṣẹ́ wọn parí, bàbá bàbá mi rà á lọ́wọ́ wọn. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Omi tí wọ́n dí ti bo ọ̀nà oko wa mọ́lẹ̀, oko sì wà ní òdìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn yí omi náà ká, bó gbéra ní ìdájí, oòrùn á ti mú kó tó débẹ̀. Ọkọ̀ bàbá àgbà ló ń gbé gbogbo abúlé lọ sóko, òun náà ló ń kó iṣu wọn bọ̀.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni bàbá àgbà papò dà, ọkọ̀ náà sì dákẹ́. Wọ́n wọ́ ọ gòkè, wọ́n fi í sábẹ́ igi máńgòrò, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, adìẹ ìyá mi sì sọ ọ́ di ilé. Àwọn èèyàn padà sí ẹsẹ̀ rírìn. Bí ìyá mi bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ náà, bó ṣe wú, inú mi á sì bàjẹ́.

Mọkáníìkì ni bàbá mi ní Òṣogbo. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ń dé. Bí a bá gba ọlidé, èmi ló máa ń mú dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí èmi ni àkọ́bí, ọwọ́ mi sì tín-ín-rín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ibi tí ọwọ́ bàbá mi kò bá lè wọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, tèmi ló ń rán síbẹ̀. Mo ti mọ nọ́ńbà sípánà dáadáa kí n tó mọ ìsodipúpọ̀ nílé ìwé.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Iléṣà. Òun ni olórí ẹbí wa, Bàbá Iléṣà la sì ń pè é. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹnu rẹ̀ ti di ti Ìjẹ̀ṣà, ilé ti di ulé, iṣẹ́ ti di uṣẹ́, àwa ọmọdé a sì máa sín in jẹ bó bá ti lọ tán. Lọ́jọ́ náà, ó ní àwọn tó ń wa góòlù ní Iperindo ti bá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa, kí wọ́n lè máa fi fa omi kúrò nínú kòtò wọn.

“Ẹ́ńjìnnì kì í jókòó sí ulé láìṣuṣẹ́,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí wọ́n ti ń wá a.”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè títí iṣu tuntun á fi jáde. Bí ọkọ̀ yìí ò bá rìn nígbà yẹn, kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì lọ, mi ò ní sọ̀rọ̀.”

Bàbá Iléṣà gbà. Ẹnu rẹ̀ le, àmọ́ kì í ṣe ìkà.

Ẹ wá wo iṣẹ́! Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè tí Ọlọ́run dá, abẹ́ máńgòrò ni bàbá mi wà. Ó lé adìẹ kúrò. Ó yọ pákó tí ìkán ti jẹ, ó fi ìrókò tuntun dípò wọn. Ó ki òwú sáàárín pákó àti pákó, ó fi ọ̀dà dúdú lé e. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ó tú u palẹ̀ sórí ẹní bí ìgbà tí wọ́n bá kun àgbò iléyá, ó ní kí n máa fi kẹrosíìnì fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì, bàbá mi ni mo ń rántí.

Ọkọ̀ kò tíì débi omi tí mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa á. Bàbá mi gbé àga gígùn sẹ́yìnkùlé, ó so ọmọ odó ìyá mi mọ́ ìdí rẹ̀, ó ní kí n jókòó kí n dì í mú. Ọmọ odó yẹn ni ọ̀pá ìdarí mi. Ọ̀ràn ọkọ̀ omi yàtọ̀: bí o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, òsì lo máa ti ọ̀pá sí. Bàbá mi á dúró síwájú, á máa ké, “Ọ̀tún! Òsì! Òkúta ń bẹ níwájú!” Èmi á máa ti ọmọ odó síhìn-ín sọ́hùn-ún, òógùn á bò mí. Àwọn obìnrin àdúgbò á dúró, wọ́n á pàtẹ́wọ́. “Ẹ kú ìrìn o, ọlọ́kọ̀ odó! Ṣé ẹ ti dé Èkó?” Ìyá mi nìkan ni kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò rí ọmọ odó gún iyán.

Ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ sómi, gbogbo abúlé ló tú jáde. A to igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ láti abẹ́ máńgòrò títí dé etídò, ọkọ̀ sì ń yọ̀ lórí wọn lọ. Bó ṣe wọ omi báyìí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ òun náà. Àwọn kan ti ń mirí, wọ́n ní àwọn ti wí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé pákó gbígbẹ gbọ́dọ̀ mumi yó kó tó wú, bó bá wú tán, á fún mọ́ra. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, a gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, ẹ̀kán kan ò tún wọlé mọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ibi. Ọkọ̀ omi kò ní bíréèkì. Mo gbàgbé, mo ń fẹsẹ̀ tẹ pákó bí ẹni tó wà nínú mọ́tò, ọkọ̀ kò dá mi lóhùn, ó wọ koríko etídò lọ gbọọrọ, ó sì fi aṣọ tí ìyàwó Lèmọ́mù sá síbẹ̀ kọ́rùn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó wá kọ́ mi bí màá ṣe pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ku díẹ̀, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọra fà dé èbúté. Kí oṣù kan tó pé, mo ti mọ̀ ọ́n.

Iṣu tuntun jáde, Bàbá Iléṣà dé. Ó yí ọkọ̀ po, ó fọwọ́ pa á lára, mo rí i pé ó wù ú. Ó wá yíjú sí bàbá mi.

“O gbìyànjú. Àmọ́ Òṣogbo lo wà láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Ta ni yóò máa wa á?”

Bàbá mi nàka sí mi.

“Ọmọbìnrin yìí?”

“Òun ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Bàbá Iléṣà wò mí láti òkè délẹ̀. “Ó dáa. Lọ́la, èmi àti òun nìkan la máa wọ̀ ọ́. Bó bá gbé mi débẹ̀, tó gbé mi padà, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi àjẹ̀ wá fà wá, ọkọ̀ kò lọ ibì kankan mọ́. Bí ò bá rí bẹ́ẹ̀, Iperindo yá.”

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ kejì ni mo sáré lọ wo ọkọ̀, mo sì bá ìyá àgbà nínú rẹ̀. Òun ló bí Bàbá Iléṣà, òun ló bí bàbá mi. Ọlọ́ṣun ni, idẹ ló kún ọwọ́ rẹ̀. Ẹ mọ bí ilé Òṣogbo ṣe máa ń rí: bàbá mi ń kírun, Bàbá Iléṣà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá wọn ń bọ Ọ̀ṣun, a sì jọ ń jẹun. Àmọ́ láti ìgbà tí Bàbá Iléṣà ti di àgbà ìjọ ni ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun yìí ti ń bí i nínú, kì í wá kí òun àti ìyá rẹ̀ má fa ọ̀rọ̀ náà. Ìyá àgbà mú kèrègbè kékeré lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí idẹ rẹ̀ dún lára irin.

“Mò ń kí ọkọ̀ ọkọ mi ni, yèyé mi,” ló wí, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rù omi ń ba Bàbá Iléṣà, àmọ́ àgbà kì í sọ irú ìyẹn jáde. Ó jókòó síwájú pátápátá, ó kẹ̀yìn sí mi, ó di pákó mú lọ́tùn-ún lósì. Mo wé okùn mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo fà á, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo sọ létídò. Mo di ọ̀pá ìdarí mú, mo gbé àyà síta, mi ò wo ẹ̀yìn mọ́.

A dé àárín gbùngbùn omi, ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó dákẹ́.

“Kí ló dé?” Bàbá Iléṣà bèèrè, kò bojú wẹ̀yìn.

“Ẹ fara balẹ̀, Bàbá,” ni mo wí. Mo ti ń rí ẹ́ńjìnnì bàbá àgbà létí kòtò góòlù. Mo ti ń rí ẹsẹ̀ ìyá mi. Bàbá Iléṣà dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù.

Mo wá rántí ṣọ́ọ̀bù. Bí mọ́tò kan bá kú lójijì, ohun tí bàbá mi máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á gbọ́n epo rẹ̀ sínú ìgò, á gbé e sójú oòrùn, kó lè wò ó bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Mo ṣí táàpù kékeré ìdí táńkì, mo gba epo sínú ìgò òfìfo tó wà lábẹ́ àga, mo gbé e sókè. Bẹntiróòlù wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, omi tó mọ́ gaara. Ìgbà yẹn ni mo tún gbọ́ ìró idẹ yẹn létí mi. Ìyá àgbà ti rọ omi Ọ̀ṣun sínú táńkì. Ó fẹ́ fi ṣàdúrà fún ọkọ̀ àti fún èmi tí màá wa á, ihò àkọ́kọ́ tó rí ló dà á sí.

Bí mo bá pariwo pé omi ni, Bàbá Iléṣà á bèèrè ẹni tó dà á síbẹ̀. Á dójú ti ìyá rẹ̀ lójú gbogbo abúlé, á ní òun ti ń wí i tipẹ́. Mo panu mọ́. Mo jẹ́ kí omi náà dà tán sínú ìgò, mo dé e, mo fi í sábẹ́ àga. Mo mú sípánà, mo ki ọwọ́ mi tó tín-ín-rín wọ abẹ́ kábúrétọ̀ tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, mo tú ife kékeré tó wà níbẹ̀, mo da èyí tó kù nínú rẹ̀ nù, mo fi etí ìró mi nù ún gbẹ. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo nù ún. Mo wé okùn, mo fà á. Kò dáhùn. Mo tún fà á, èjìká mi fẹ́ẹ̀ yẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbà. Sáàmù kò tíì tán lẹ́nu Bàbá Iléṣà.

Mo gbé e dé òdìkejì. Mo yí orí ọkọ̀ padà, mo gbé e bọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì níbi tó yẹ kí n ti pa á, ọkọ̀ sì rọra fi orí kan èbúté. Àwọn èèyàn bò mí, wọ́n ń bèèrè ohun tó pa á láàárín omi. Mo ní koríko ló wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi wò mí. Ó mọ̀ pé koríko kì í hù níbi tí omi ti jìn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó kàn gba okùn lọ́wọ́ mi, ó so ọkọ̀ mọ́ èbúté.

Bàbá Iléṣà sọ̀ kalẹ̀, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí. “Ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín omi,” ló sọ kí gbogbo wọn lè gbọ́. “Bàbá ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọmọ yìí ló jí i. Kí àwọn ará Iperindo lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Èyí ti rí uṣẹ́ ní ulé.”

Orí mi wú, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti darúgbó, ó ṣì ń wú bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé ìgò náà wọ yàrá ìyá àgbà, mo kúnlẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. “Àṣé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń dà á sí,” ló wí, omijé sì lé ròrò sí i lójú. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo idẹ ọwọ́ rẹ̀ ń dún. “Ṣùgbọ́n bí kò bá kú, yèyé mi, ta ni ì bá mọ̀ pé o lè jí i?”

Títí mo fi relé ọkọ ni mo fi wa ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ ìyá mi kò sì wú mọ́. Ayé ti wá yí báyìí. Ọ̀nà ọlọ́dà ti yí omi náà ká, ọ̀kadà á gbé yín dé oko kí iṣu tó jinná lórí iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ mọ́ àwọn ọmọ ìwòyí lọ́wọ́, fóònù ni wọ́n ń fà yọ. Mi ò bá wọn wí, ìgbà tiwọn ni. Gbogbo àwọn àgbà tí mo dárúkọ wọn yìí ti lọ, ọkọ̀ náà ti jẹrà, idẹ kan ṣoṣo tí ìyá àgbà bọ́ fún mi ló kù sí mi lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀ ra mọ́tò àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó wa á wá fi hàn mí ní Ọ̀fàtẹ̀dó, òun nìkan, ara rẹ̀ balẹ̀, ó gbé e wọ ẹnu géètì mi láìkan ẹ̀gbẹ́ kankan. Mo dúró ní fàráńdà, mo ń wò ó. Ìdájí ọjọ́ kejì, kó tó jí, mo mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí tábìlì, mo bu omi sí kèrègbè kékeré kan, mo sì ṣàdúrà sí i. Mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rọra dà á sínú rédíétọ̀, idẹ ìyá àgbà sì dún lára irin.

Èmi mọ ibi tí wọ́n ń da omi sí.