Aṣọ Tí Bàbá Mi Fi Bo Telé

Òórùn aró lára aṣọ àtijọ́ ló máa ń dá mi padà sí ilé wa ní Houinmè, ní Àjàṣẹ́, sí ìgbà tí àgbàlá wa máa ń kún ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta nítorí telé bàbá mi. Òyìnbó kan tó ń fi ìbòjú dúdú bojú, tó ń mú àwọn ọ̀daràn, la máa ń wò. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìwé kò bá mi dé ibi kan, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń túmọ̀ ẹ̀ sí Nàgó, Yorùbá tiwa, fún gbogbo agboolé, ẹnu mi sì dùn débi pé bí n kò bá sí nílé, àwọn mìíràn kì í wá. Bí mo ṣe gbọ́ Faransé tó nígbà náà, ẹ má bi mí.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ àwọn ọ̀daràn tẹ òyìnbó náà. Wọ́n dè é mọ́ àga, olórí wọn na ọwọ́ sí ìbòjú ẹ̀. Èmi ògbufọ̀ pàápàá gbàgbé láti túmọ̀. Àfi bí bàbá mi ṣe dìde, tó bọ́ aṣọ aró èjìká ẹ̀, tó dà á bo telé. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni bàbá mi. Eégún ilé wa kì í jáde lẹ́yìn ẹ̀.

"Ta ní í ṣí ojú eégún láàárín obìnrin?"

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fò sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Òyìnbó lásán mà ni!"

"Òyìnbó ò ní bàbá tó kú ni?"

Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní, "Eégún tiwọn mà kúrú láṣọ o!" Nígbà tí bàbá mi fi máa ká aṣọ náà kúrò, orin ìparí ti ń dún. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí létí: "Ògbufọ̀, fọkàn balẹ̀. Wọ́n á tún un gbé jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé aránṣọ tó ní telé la ó ti wò ó. Dandan ni kí n rí ojú ọkùnrin yẹn."

Ẹ̀sáǹsì, epo mọ́tò, ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi alùpùpù kó láti Ajárá wá tà, bídọ́ọ̀nù epo a yí i ká bí ọmọ adìyẹ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, iná mú un lójú ọ̀nà.

Orí ẹní ni wọ́n gbé e lé wálé. Aṣọ aró yẹn náà ni bàbá mi dà bò ó látorí dé ẹsẹ̀. Mo na ọwọ́ láti ṣí i, èmi tí n kò bẹ̀rù ohunkóhun rí. Bàbá mi gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Má wò ó, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Bàbá mi kò bẹ ẹnikẹ́ni rí. Mo gbọ́wọ́ mi sílẹ̀. Aṣọ náà bá a wọlẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Ẹ bá mi bi wọ́n, èwo ni tèmi? Mo sin ín, n kò rí i.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi wá eré ọjọ́ náà jáde fún mi lórí fóònù. Láti Àjàṣẹ́ títí dé Akpro-Missérété, kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó tó mi, ọwọ́ mi kì í yẹ̀ lórí ayùn. Ọjọ́ yẹn, mo gbé ayùn sílẹ̀ láti wò ó. Olórí ọ̀daràn já ìbòjú náà. Ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ ẹ̀! Òyìnbó wa gan-an ti bọ́ tipẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi pàtẹ́wọ́. Mo ní kó pa fóònù náà.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi la sin. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí alùpùpù bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń gbé ayùn sílẹ̀, mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ ra àga ni. Ẹni tó fẹ́ ra àga ló máa ń jẹ́.