A Dúpẹ́ Kò Sí Nínú Fọ́ọ̀mù

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn jẹun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n rò: nípa iná, nípa omi, nípa ọ̀nà, àti ní ọdún mélòó kan tó kẹ́yìn, nípa ilé ìwòsàn. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Àkúrẹ́ ló gbà mí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èrò ará ìlú á gbé iṣẹ́ wá, ọ̀gá wa á pín fọ́ọ̀mù fún wa, a ó sì fọ́n ká. Bí mo bá padà délé ní Ìsíkàn, ẹsẹ̀ mi á ti wú. Ìyàwó mi á gbé omi gbígbóná wá kí n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á sì bi mí pé, "Ìwọ tó ń béèrè ìlera gbogbo ayé, ta ló béèrè tìẹ?"

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iléèwé, ẹ ó máa ka ilé, ilé kẹta-kẹta ni ẹ ó sì máa wọ̀, kí ẹ má baà mú ilé tó wù yín nìkan. Ẹ ó ka ìbéèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìdáhùn márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti "ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an" títí dé "kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá". Ẹ ó fàmì sí ọ̀kan, ó tán.

Lẹ́nu lásán ni ó tán. Ẹni tó bá gbé fáìlì dání, dókítà ni lójú ará ìlú. Ní Ọ̀bà-Ilé, bàbá kan ká ṣòkòtò sókè, ó fi egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí kí n tó kí i tán. Mo ní, "Bàbá, èmi kì í ṣe dókítà o, ìbéèrè ni mo bá wá." Ó ní, "Ó dáa, bi egbò yìí léèrè." Àlájà kan wà tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ ní Àkúrẹ́. Òun ní tòun, kò jẹ́ kí n ka ìbéèrè kejì. Ó ní owó ni wọ́n ń gbà fún káàdì, owó ni fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ibọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì máa fi yẹ aláìsàn wò pàápàá, aláìsàn ni yóò rà á. "Kọ ọ́ síbẹ̀," ó ní, "kí o sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́." Ìgboro nìyẹn. Ará ìgboro kì í fi ẹ̀dùn ọkàn pamọ́.

Ọ̀gá wa ni Ìyáàfin Akíndùrò, ọmọ Oǹdó bíi tèmi. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, bírò pupa kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé, "Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o kọ. Má fi ọgbọ́n tìrẹ kún un." Mo di ẹ̀kọ́ yẹn mú ṣinṣin. Ẹ̀kọ́ náà gan-an ló sì mú mi ṣe àṣìṣe tí mi ò tíì bọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́dún tí ó ṣẹlẹ̀, ìjọba fẹ́ fi nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí sí àwọn abúlé mélòó kan, kí ó máa gbé ibẹ̀. Àwa ni wọ́n ní ká wádìí ibi tí ìyà ti pọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fún. Wọ́n fún mi ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjàrẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Ní ilé kẹta, mo bá ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Fọlá níbi tó ti ń tú kòkó tó sá sórí ẹní. Bọ́lá, ìyàwó ọmọ rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oyún tó ti sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ooo, ẹ kú uṣẹ́, dókítà. Ẹ jókòó. Bọ́lá, bu omi wá."

Mo mu omi, mo ṣí fáìlì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn tó wà níbí, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"A dúpẹ́."

"Owó tí wọ́n ń gbà ńkọ́?"

"Ọlọ́run ń ṣe é, ọmọ mi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo rí i tí Bọ́lá la ẹnu. Mo sì rí i tí ìyá ọkọ rẹ̀ bojú wò ó, tí Bọ́lá fi pa ẹnu náà dé. Oòrùn ń pa mí, ilé mọ́kànlá ṣì wà níwájú mi. Mo wo ìdáhùn márààrún, "a dúpẹ́" kò sí nínú wọn. Mo wá fàmì sí "ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an", mo dúpẹ́ omi, mo dìde. Báyìí ni mo ṣe gbogbo abúlé náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìyáàfin Akíndùrò pè mí wọ ọ́fíìsì. Fọ́ọ̀mù mi wà níwájú rẹ̀.

"Akin, nínú gbogbo abúlé tí a dé, ibí yìí nìkan ni inú gbogbo ènìyàn ti ń dùn. Ṣé ọ̀run lo lọ ni?"

"Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ, mà."

"Kí ni wọ́n sọ gan-an?"

"Wọ́n ní a dúpẹ́."

Ó fi bírò sílẹ̀. "Ọmọ Yorùbá ni ẹ́, àbí?"

Ojú tì mí. Nílé tèmi, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní "a dúpẹ́", mi ò jẹ́ dìde. Mo mọ̀ pé ìkíni ni, pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Ọ̀gá ní orúkọ àwọn abúlé ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba, abúlé tèmi sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní kí n padà lọ tún ìbéèrè náà bi wọ́n, òun á mọ bí òun yóò ṣe gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

Nígbà tí mo dé ilé Màmá Fọlá, Bọ́lá dùbúlẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá. Kò sí oyún mọ́. Mo ń fojú wá ibi tí ọmọ wà. Mi ò rí ọmọ, mi ò rí aṣọ ọmọ.

"Màmá, ẹ kú ilé o."

"A dúpẹ́, dókítà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò ṣí fáìlì. A jókòó pẹ́, ó fi àgbàdo sísun sọ́wọ́ mi, mo jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni Bọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nọ́ọ̀sì kì í wá ju ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn wà. Wọ́n gbé Bọ́lá sórí ọ̀kadà lọ sí Àkúrẹ́. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n fi rí owó náà, ó ti rẹ ọmọ nínú.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ nípa kọ́kọ́rọ́ yìí fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Kò bínú. Bíi ẹni tó rẹ̀ ló ṣe dáhùn. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ulé ni. Ṣé bí àlejò bá ṣe ń wọlé la ń da ẹkún sí i lára? Mo ń retí kí ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sì dìde."

Láti inú yàrá ni Bọ́lá ti sọ pé, "Èmi fẹ́ sọ ọ́."

Ọ̀gá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí mo bá tilẹ̀ fàmì síbi tó yẹ, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kì bá tíì dé kí ọjọ́ Ẹtì yẹn tó pé. Òtítọ́ ni. Kò tù mí nínú.

Mo tún gbogbo ilé yẹn wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò béèrè ohun tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo ní, "Nígbà tí àìsàn ṣe ẹnì kan nínú ilé yìí kẹ́yìn, kí lẹ ṣe?" Ọ̀rọ̀ tó jáde kò gba inú fọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Ìyáàfin Akíndùrò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ bá ìjọba, ó lọ, ó tún padà lọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí náà dé, ṣùgbọ́n ọdún ti yípo. Bọ́lá àti ọkọ rẹ̀ ti kó lọ nígbà náà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tí mo bá kọ́ níṣẹ́, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó mu omi tí wọ́n bá fún un, kó sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, a sì padà sílé wa ní Oǹdó. Ní oṣù tó kọjá, mo gbé ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àárọ̀ kùtù la débẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, wọn kò tíì pe orúkọ wa. Wọ́n ní kí n lọ ra ibọ̀wọ́, mo sì rántí Àlájà ará Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọbìnrin kan wá bá wa lórí bẹ́ǹṣì, fóònù pẹlẹbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ìtọ́jú tí ẹ gbà níbí lónìí, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú. "A dúpẹ́, ọmọ mi."

Ó tẹ nǹkan lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó kọjá. Ìyàwó mi yíjú wò mí. Ọmọ náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta sí wa.

Mo ní, "Ọmọ mi, padà wá. Pa ohun tí o tẹ̀ yẹn rẹ́."

"Bàbá, ó ti lọ."

Mo sún mọ́ ìyàwó mi kí àyè lè gba ọmọ náà lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Mo mọ̀ pé ó ti lọ. Jókòó, kí o tún un bi mí."