Ọjọ́ Tí Ṣòkòtò Sájẹ́ǹtì Ya

Ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fẹ̀hónú hàn, tí ìjọba fi kó sójà dà sígboro, iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ gan-an ni wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sí. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá jáde sí wọn pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ọkọ̀ yín síwájú díẹ̀. Ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi, mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́." Wọ́n sún un.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Sájẹ́ǹtì wọn, géńdé ọkùnrin tí irunmú rẹ̀ dà bíi búrọ́ọ̀ṣì, lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé ìdí ògiri kan. Àwọn ọmọ fò ó, òun náà fò ó, àmọ́ ṣòkòtò rẹ̀ kò bá a fò. Ó ya láti ìbàdí dé orúnkún. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló ń rìn wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an kíákíá kí ọ̀gá mi tó dé."

"Bọ́ ọ, kí o lọ jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì." Bí ṣòkòtò ṣe kúrò nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "ẹ" di "o". Ìyá ju ìró oníbàárà kan sí i, èyí tó ní òdòdó pupa káàkiri.

Kò tíì rán an dé ìdajì tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, fi já wọlé, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kó tó la ẹnu, wọ́n ti sá sẹ́yìn kọ́tìnì kan náà.

Ìyá kàn gbọ́ ohùn Sájẹ́ǹtì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ jókòó. Ẹ má fara kàn mí."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ ò rí Sájẹ́ǹtì mi?"

"Mo rí i, sà. Ó ń sáré lé àwọn ọmọ kan ni."

Láti etí kọ́tìnì, ìyá ń wo Sájẹ́ǹtì bó ṣe ń fọwọ́ méjèèjì bẹ àwọn ọmọ náà kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá rán ṣòkòtò náà tán, Sájẹ́ǹtì wọ̀ ọ́, ó wúkọ́. "Ẹ lọ sílé àwọn òbí yín. Mi ò rí yín."

"Àwa náà ò rí yín, sà," ni ọmọkùnrin náà wí. "A ò rí òdòdó kankan."

"Ẹ máa rọra fò o, sà," ni Ìyá Aránṣọ fi sìn ín jáde.

Títí dòní làwọn ọmọ rẹ̀ máa ń bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á. "Ó bà mí o," ni yóò wí. "Ẹ̀rù náà pọ̀ débi pé mo rán ẹnu àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ pa. Kò sì padà wá bá mi sọ ọ́."