Fọ́ọ̀mù Àǹtí Sikira àti Táyà Tó Le Jù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú iyanrìn Sharjah lóṣù tó kọjá. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín o, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dópin.

Ẹni tí kò bá mọ Àǹtí Sikira, òun ni ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gbé yàrá ní Al Qusais, ní Dubai níbí, àwa mẹ́fà nínú yàrá kan. Ó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwé kan, èmi sì ń ṣe sikiọ́rítì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé láti Èkó, tí mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, òun ló dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ tó ní kí n sùn síbẹ̀. Òun wá gun tòkè, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún! Ọdún mẹ́ta rèé, kò gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà. Ta ló ń ṣe irú ìyẹn fún àjòjì?

Kọ́ńtíráàtì Àǹtí ti fẹ́ parí. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní fọ́ọ̀mù: ṣé yóò tún un ṣe, àbí yóò máa lọ sílé? Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbà á padà. Èmi ni mo máa ń bá a kọ gbogbo fọ́ọ̀mù rẹ̀, torí gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kì í fi bẹ́ẹ̀ yé e, nítorí náà ọwọ́ mi ni fọ́ọ̀mù wà. Ó ti sọ fún mi pé ilé lòun ń lọ. Èmi ò sì gbà!

Mo bá pète. Ọdún méje ni Àǹtí ti lò níbí, kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ aginjù rí. Mo ní a ó lọ pa tẹ́ǹtì síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, inú rẹ̀ á dùn, èmi á wá bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mo ká fọ́ọ̀mù àti báírò sínú báàgì. Ọlọ́gbọ́n ni mí, àbí?

Bọ̀dá Délé, ará ìjọ mi tó ní jíìpù àlòkù, ló gbé wa. Kí a tó kúrò ní Al Qusais, ó yà sí ilé epo láti kó atẹ́gùn sí táyà. Ó ní ọ̀nà jíjìn là ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ṣe máa ń ṣe nílé kó tó rin ìrìn àjò. Èmi gan-an fẹsẹ̀ kan táyà, mo ní kó fi kún un. Ó fi kún un, táyà le koko bí òkúta.

Nígbà tí ilé tán, tí iyanrìn pupa bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, Àǹtí Sikira na ọrùn sójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ah-ah, Rónkẹ́! Ibí mọ́ o. Ta ló ń gbá a?” Ẹ ò rí olùgbálẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

A kúrò lórí títì. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, jíìpù rì. Bọ̀dá Délé tẹná, ó tún rì sí i. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń tì í, iyanrìn kún ẹnu mi. Mo bú táyà, mo bú iyanrìn, díẹ̀ ló kù kí n bú Bọ̀dá Délé.

Àǹtí ní tirẹ̀ ti rìn lọ kí bàbá Pakistan kan tó ń da ràkúnmí lẹ́bàá ibẹ̀. “Salamu alaikum, Baba! Ẹ kú iṣẹ́ o!” Yorùbá lódidi! Bàbá náà tẹ̀ lé e wá, ó wo táyà, ó rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó, ó fi igi tín-ínrín tẹ ẹnu táyà, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Mo figbe ta: “Habibi, no! Ẹ wò ó o, ó ń ba táyà jẹ́!”

Bàbá juwọ́ sí mi. “Too much air, sister. Shwaya, shwaya.” Díẹ̀díẹ̀ ló ń wí.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún, títí ikùn wọn fi tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn, tí wọn ò gbẹ́ ẹ wọlé mọ́. Ó ní kí Bọ̀dá Délé wá rọra tẹ̀ ẹ́. “Yalla, go!” Jíìpù yọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é! Ojú tì mí. Àǹtí fún bàbá ní móínmóín méjì. Bàbá gbóòórùn rẹ̀ títí kó tó tọ́ ọ wò, ó sì tún padà wá béèrè ẹ̀kẹta.

A pa tẹ́ǹtì síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí Bọ̀dá Délé lọ ṣa igi, mo fa fọ́ọ̀mù yọ. Mo tú gbogbo ohun tí mo ti ń kọ́ sórí láti ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Pé ọdún méjì péré sí i. Pé ta ni yóò máa jí mi fún iṣẹ́ àárọ̀? Pé Bàsírà ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ó fi ìka ya ẹsẹ̀ kékeré kan sínú iyanrìn.

“Bàtà tí mo rà fún Bàsírà nígbà tí mo gba ìsinmi lọ sílé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn nìyí.” Ó ya òmíràn tó gùn jù ú lọ dáadáa. “Ẹsẹ̀ tí mo bá nílé nìyí. Kò wọ̀ ọ́, Rónkẹ́. Ọmọ yẹn ń fi tipátipá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí inú mi má baà bàjẹ́.”

Mo bi í pé ti ìsinsìnyí ńkọ́?

Ó gbé ìka sókè, ó wo iyanrìn títí. Kò ya nǹkan kan.

“Mi ò mọ̀,” ló sọ.

Mo sunkún o, mi ò ní parọ́. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí bí ẹni tí a jọ mu ọmú kan náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi, ara mi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, Àǹtí ń kírun níwájú tẹ́ǹtì. Mo dúró kó kírun tán, mo ka fọ́ọ̀mù fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi Rónkẹ́ fúnra mi ni mo fi báírò sàmì síwájú ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ní tún un ṣe mọ́. Ó fọwọ́ sí i. Ó ní, “O ṣé, àbúrò mi.” Mo ká fọ́ọ̀mù padà sínú báàgì.

A rọra wakọ̀ dé ilé epo, Bọ̀dá Délé tún ń kó atẹ́gùn sí táyà. Ó ní ṣé kí òun fi kún un? Èmi àti Àǹtí jọ pariwo mọ́ ọn: “Khalas! Ó ti tó!”

Ohun tí mo kọ́ nìyí: èèyàn lè di ẹni tó fẹ́ràn mú kó le jù, bíi táyà wa yẹn, kí àwọn méjèèjì wá rì sójú kan. Ẹ máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó ń dunni o, àmọ́ ọ̀nà á là.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti yọ̀ǹda rí tó jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kó lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Bẹ́ẹ̀dì òkè ti ṣófo, yàrá dákẹ́ jù.

Àǹtí ti délé. Kò ra bàtà kankan lọ láti Dubai. Àná ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, Bàsírà gbé ẹsẹ̀ lé e lórí itan.