Èékánná Mátírọ́nù

Bí mo bá ti rí ìwé tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara bátìrì, mátírọ́nù wa ní ilé ìwòsàn Ìmẹ́rì ni mo máa ń rántí. Ó ń gé gbogbo èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ nọ́ọ̀sì, àfi ti àtàǹpàkò ọ̀tún.

Bátìrì ínfátà ló ń gbé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ró bí iná bá lọ, nítorí náà mátírọ́nù kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá. Ọkùnrin kan tó ń ta bátìrì ní Ọ̀wọ̀ gbé ọ̀kan dé.

“Mà, ọ̀sẹ̀ yìí ló dé ṣọ́ọ̀bù mi.”

“Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni mo bèèrè. Bátìrì ń darúgbó lórí ìjókòó.”

Ó fi èékánná yẹn họ ìwé náà. Ìwé mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: bátìrì náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkùnrin náà gbé ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mátírọ́nù fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní bátìrì tó wà nílẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, òun fúnra òun ló rà á. Mo dúpẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi èékánná họ ìwé bátìrì náà níṣojú rẹ̀.

Kò bínú. Ó lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá, ó tàn án síbẹ̀ fún mi.