Orin Tí Kò Rí Elégbè

Alàgbà Verlin Stamper kì í ṣe oníwàásù. Èédú ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà nínú òkè Kentucky ní Amẹ́ríkà, ikọ́ rẹ̀ ò sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà létí odò: á lé ìlà kan, ìjọ á gbè é. Bí oníwàásù bá wá ṣì í sọ, ẹ gbọ́ ná, wọn kì í bá a jà. Alàgbà á dá orin sí i lẹ́nu, ìjọ á gbè é títí ohùn onítọ̀hún á fi rì, á sì fi ìtìjú jókòó.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Delmas, dé, tó ń wàásù pé oore-ọ̀fẹ́ kàn ń ṣílẹ̀kùn ni, pé ààwẹ̀ àti ìyà lèèyàn máa fi san ìyókù, Verlin ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àfìgbà tó yà sílé Orpha, àbúrò rẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra. Ìkòkò ẹ̀wà tutù nini. Abẹ́rẹ́ oògùn rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án.

"Orpha, ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mò ń san tèmi ni."

"San kí ni? Ta ló sọ fún ẹ pé Jésù san án kù?"

Orpha kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ba Verlin gan-an.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Delmas tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó ń jẹun yó, kó bi ara rẹ̀ bóyá ó ti rí ìgbàlà!" Orpha wà níwájú, ó ń gbọ̀n. Ó tó gẹ́ẹ́! Verlin dìde, ó wúkọ́, ó dá orin oore-ọ̀fẹ́ tí ìyá wọn fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Kò sẹ́ni tó gbè é.

Ó tún un lé. Hobart, tí òun àti Verlin jọ há sábẹ́ ilẹ̀ níbi èédú nígbà kan rí, ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Bàbá Verlin," Delmas rẹ́rìn-ín músẹ́, "àbí ẹ ti gbàgbé orin ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Verlin yíjú sí àbúrò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ orin yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," ni Orpha wí. "Ẹ ń dójú tì mí."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ló yọ̀ ṣubú láti orí àga, ojú rẹ̀ ti yí.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!" Delmas nawọ́ síta. "Ó ń san tiẹ̀ ni."

Gbogbo ìjọ jókòó. Verlin nìkan ló sáré síwájú, ó ń pariwo kí ẹnì kan bá òun gbé e.